Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Ọkọ̀ Tí Ó Ń Kọ Ìwé Nípa Ẹni Tí Ó Ń Gùn Ún

A ti ṣèlérí pé ní ọ̀sẹ̀ yìí ni a ó parí ọ̀rọ̀ wa lórí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa tí kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀, a sì rò pé bí a bá pa á mọ́ra, a kò ṣe olóòótọ́ sí yín. Àwọn àgbà wí pé ogiri létí. Ogiri ilé ni wọ́n ń sọ ní ayé tiwọn. Ní ayé tiwa yìí, ọkọ̀ tí à ń gùn náà létí, àwọn mìíràn lójú, wọ́n sì mọ̀wé kọ.

Ní ìparí ọdún tí ó kọjá, a ta ọkọ̀ tí a ti lò fún ọdún mẹ́fà, a fi owó díẹ̀ kún owó rẹ̀, a sì ra òmíràn, tòkunbọ̀ tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dé. Ọkọ̀ náà mọ́ tónítóní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò pariwo, inú wa sì dùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a gbé e dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ inú rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ ojú rédíò aláwòrán tí ó wà níwájú awakọ̀. Kò pẹ́ tí ó fi kígbe pè wá pé, "Bàbá, ẹ wá wo nǹkan!"

Kí ni a rí? A rí orúkọ ènìyàn tí ó lé ní igba, tí a tò lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. A rí orúkọ tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ fi ń pe ìyá rẹ̀. A rí nọ́ńbà oníṣègùn eyín rẹ̀ àti ti ilé-ìwé ọmọ rẹ̀. A rí ibi tí ó pè ní ilé, pẹ̀lú nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà. A sì rí àwọn ibi tí ó ń lọ: ọjà kan, pápá ìṣeré kan, àti ilé ìwòsàn kan.

Ẹ̀yin ará, a kò ní purọ́ fún yín. Ó yẹ kí a ti pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n a kò pa á. A jókòó ti ọmọ náà, a ń kà á bí ìwé ìtàn. A ń wí pé, "Ó dà bí ẹni pé obìnrin ni." A tún ń wí pé, "Bóyá ara rẹ̀ kò yá ni." Ìgbà tí ọmọ náà wí pé kí a pe ìyá ẹni ẹlẹ́ni lórí fóònù kí a fi ṣeré ni ojú tó tì wá. Ìyàwó wa ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bá wa wí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: "Bàbá wọn, èyí tí ẹ tà ńkọ́? Ta ni ó ń ka tiwa báyìí?"

Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà kò lọ lọ́nà ọ̀fun wa.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀. Nítorí iṣẹ́ tí a ń ṣe nínú ìjọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fún wa ní nọ́ńbà fóònù wọn, tí wọ́n sì ń bá wa sọ ohun tí wọn kò lè sọ fún ará ilé wọn. Orúkọ a sì máa jọra. Ìyá Ìbejì mẹ́rin ni a mọ̀ ní àdúgbò wa nìkan. Kí a má baà ṣì wọ́n mú, a máa ń fi àmì sí orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú fóònù wa. A kọ "Ìyá Ìbejì, gbèsè" sí ọ̀kan. A kọ "ọkọ rẹ̀ ti lọ" sí ẹlòmíràn, a sì kọ "ọmọ rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé" sí ẹ̀kẹta. Ojú àwa nìkan ni a kọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a so fóònù wa pọ̀ mọ́ ọkọ̀ nípa Bluetooth, kí a lè máa gbọ́ ìpè láìfi ọwọ́ mú fóònù, ọkọ̀ náà bi wá bóyá kí òun da gbogbo orúkọ wa kọ. A kò kà á. A tẹ "bẹ́ẹ̀ ni," a sì ń bá ọ̀nà wa lọ. Àwa tí a máa ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má fi ọwọ́ sí ìwé tí wọn kò kà!

Ní ọjọ́ kejì a wá ẹni tí ó ra ọkọ̀ náà lọ sí ìlú tí kò jìnnà sí tiwa, níbi tí ó ti ń ta ohun èlò ọkọ̀. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wa ní omi tútù. Nígbà tí a sọ ohun tí a bá wá, ó wo ilẹ̀. Ó wí pé, "Bàbá Tíṣà, ẹ máà bínú, mo ti rí wọn. Ọ̀kan nínú wọn, oníbàárà ìyàwó mi ni. A kò mọ̀ pé ó jẹ gbèsè." Ó ní àwọn kò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn, a sì gbà á gbọ́, nítorí ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí kò yẹ kí ó mọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. A wọ inú ọkọ̀ náà pẹ̀lú rẹ̀, a sì pa gbogbo àkọsílẹ̀ wa rẹ́. Iṣẹ́ náà kò gbà wá tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Èyí tí ó le jù ni a kò tí ì ṣe. A tọ obìnrin náà lọ, a sì jẹ́wọ́ fún un. Ó gbọ́ wa títí dé òpin, ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó wí pé, "Bàbá Tíṣà, ẹ̀yin ni mo fún ní nọ́ńbà mi, n kò fún ọkọ̀ yín. Ẹ̀yin ni mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún, n kò sọ ọ́ fún ọkọ̀ yín." A kò rí èsì fún un. Ó ti dárí jì wá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò tí ì padà sí ìsọ̀ tí ó ti ń ra ọjà tẹ́lẹ̀.

Láti ìgbà náà ni a ti ń kàwé, tí a sì ń bi àwọn tí ó mọ̀ ju wa lọ léèrè. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ pé iṣẹ́ akọ̀wé ni a fi ń jẹun. Láti ìgbà èwe wa ni a ti ń kọ ìwé nípa ẹlòmíràn: ẹni tí ó wọlé, ẹni tí ó jáde, iye tí ó san, ọjọ́ tí ó san án. Nítorí náà èdè iṣẹ́ wa ni a ó fi ṣàlàyé. Nínú ọkọ̀ òde òní, akọ̀wé mẹ́rin ni ó lè jókòó tì wá láìjẹ́ pé ojú wa tó wọn.

Akọ̀wé kìn-ín-ní kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ń tú àpò afẹ́fẹ́ sílẹ̀ nígbà ìjàm̀bá ni ó ń gbé. Bí ọkọ̀ bá ń lọ ní àlàáfíà, ohun tí ó kọ ni ó tún ń pa rẹ́. Ìgbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan ni yóò fi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí ó ṣáájú pamọ́: bí eré ti pọ̀ tó, bóyá awakọ̀ tẹ bíréèkì, bóyá ó de bẹ́líìtì. Ní Amẹ́ríkà, ìṣẹ́jú àáyá 5 ni ìlànà ń béèrè tẹ́lẹ̀; ní oṣù kejìlá ọdún 2024 ìjọba wọn gbé ìlànà titun jáde pé kí ó di 20. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti oṣù keje ọdún 2024, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ titun ni ó gbọ́dọ̀ ní irú akọ̀wé yìí. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2015 sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ó ni ọkọ̀ tàbí tí ó yá a lò ni ó ni àkọsílẹ̀ náà.

Akọ̀wé kejì ni rédíò aláwòrán tí ó kó ìtìjú bá wa. Orúkọ, nọ́ńbà, ìpè tí a pè àti ibi tí a ní kí ó fi ọ̀nà rẹ̀ hàn wá ni ó ń kọ sílẹ̀. Kì í rán wọn lọ sí ibikíbi dandan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó síwájú rẹ̀ ni yóò kà wọ́n fún.

Akọ̀wé kẹta ní síìmù tirẹ̀ nínú ọkọ̀, bí ẹni pé fóònù kan wà tí a kò mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ó ń rán ìròyìn sí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà: ibi tí ọkọ̀ wà, bí ó ti ń sáré, ìgbà tí a tẹ bíréèkì lójijì, wákàtí tí a jáde. Akọ̀wé kẹrin sì ni fóònù tí ó wà nínú àpò wa. Ó mọ̀ bí ọkọ̀ ti ń sáré bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní ẹ̀rọ kankan ni a wọ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, "Kí ni ibi nínú pé akọ̀wé ń kọ̀wé?" Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀ràn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí gbogbo ayé sì gbọ́ nípa rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ìwé ìròyìn New York Times sọ ìtàn ọkùnrin kan ní ẹ̀bá ìlú Seattle, tí ó ń wa ọkọ̀ Chevrolet. Ọkùnrin náà sọ pé òun kò fa ìjàm̀bá rí. Síbẹ̀, ní ọdún 2022, owó ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ rẹ̀ gòkè pẹ̀lú ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ó wádìí, wọ́n ní kí ó lọ béèrè ìwé tí LexisNexis ní nípa rẹ̀. Alágbàtà ni LexisNexis yìí. Àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn ni ọjà tí ó ń tà. Ìwé náà dé, ó jẹ́ ojú ìwé 258. Èyí tí ó lé ní 130 nínú rẹ̀ jẹ́ kìkì ìrìn òun àti ìyàwó rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà: ìrìn 640, ìgbà tí wọ́n gbéra, ìgbà tí wọ́n dé, bí ọ̀nà ti jìn tó, ibi tí eré ti pọ̀ jù, ibi tí wọ́n ti tẹ bíréèkì lójijì. Ohun kan ṣoṣo tí a kò kọ síbẹ̀ ni orúkọ ibi tí wọ́n lọ.

Ta ni ó fi í fún alágbàtà? General Motors, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà ni. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n pè ní Smart Driver, tí wọ́n sọ pé yóò kọ́ awakọ̀ bí a ti ń wakọ̀ dáradára. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ sọ pé àwọn kò mọ̀ rárá pé orúkọ àwọn wà nínú rẹ̀. Àwọn alágbàtà méjì, LexisNexis àti Verisk, ni ó gba ìròyìn náà, àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì sì ń rà á lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀ràn náà ti di ti gbangba, General Motors dá fífi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì dúró ní oṣù kẹta náà, lẹ́yìn náà ó sì ti ètò Smart Driver pa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ Texas pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ ìṣòwò, tí à ń pè ní FTC, kéde ìlànà tí yóò dá General Motors lẹ́kun fún ọdún 5 láti má ṣe fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lé àwọn alágbàtà náà lọ́wọ́. Àjọ náà sọ pé nígbà mìíràn, ìṣẹ́jú àáyá 3 kọ̀ọ̀kan ni ilé iṣẹ́ náà ń gba ìròyìn ibi tí ọkọ̀ wà.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú ọ̀ràn yìí. Akọ̀wé náà kò purọ́. Lóòótọ́ ni ọkùnrin náà tẹ bíréèkì lójijì. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kò kọ ìdí rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá sáré já lu títì, tí ọmọdé sì ń sáré lé e bọ̀, awakọ̀ rere ni yóò tẹ bíréèkì lójijì. Nínú ìwé alágbàtà, ẹni tí ó gba ẹ̀mí ọmọdé là àti ẹni tí ń sùn lórí ìdarí ọkọ̀ jọ ń gba àmì kan náà. Àwa tí a ti ń kọ̀wé láti ìgbà pípẹ́ mọ èyí dájú: àkọsílẹ̀ tí kò ní àlàyé lè jẹ́ òtítọ́, kí ó sì dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi.

Kí a má baà rò pé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 àjọ Mozilla yẹ ìlànà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ 25 wò. Kò sí ọ̀kan tí ó yege. Mọ́kàndínlógún nínú wọn ni ìwé wọn fi hàn pé wọ́n lè ta ìròyìn nípa awakọ̀. Mẹ́rìnlá sọ pé àwọn lè fi í fún ìjọba tàbí àwọn agbófinró bí a bá béèrè. Mozilla sì wí pé nínú gbogbo irú ohun èlò tí àwọn ti yẹ̀ wò rí, ọkọ̀ ni ó burú jù ní ti pípa àṣírí ẹni mọ́.

Ẹni tí kò tà á pàápàá lè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ìwé ìròyìn Der Spiegel ti ilẹ̀ Jámánì sọ pé ìròyìn nípa ọkọ̀ oníná mànàmáná tí ó tó 800,000, tí ilé iṣẹ́ Volkswagen àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ṣe, wà níbi tí ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà ti lè rí i. Nínú wọn, nǹkan bí 460,000 ni a lè mọ ibi tí a gbé wọn sí ní pàtó. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó bá mọ ibi tí ọkọ̀ ń sùn ní alẹ́ ti mọ ilé ẹni, ẹni tí ó bá sì mọ ibi tí ó ń dúró ní ọ̀sán ti mọ ibi iṣẹ́ ẹni. Ní ti àwọn ọkọ̀ tí ó ní ojú, ilé iṣẹ́ ìròyìn Reuters sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2023 pé, láàárín ọdún 2019 sí 2022, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Tesla ń fi àwòrán tí kámẹ́rà ọkọ̀ àwọn oníbàárà yà ránṣẹ́ sí ara wọn. Nígbà tí a ka èyí, a rántí ara wa àti ọmọ ẹ̀gbọ́n wa níwájú rédíò náà. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Tiwọn kàn tóbi jù ni.

Ní ti akọ̀wé kẹrin, èyíinì fóònù, ìpínlẹ̀ Texas kan náà pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì Allstate àti ẹ̀ka rẹ̀, Arity, lẹ́jọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n fi ohun kan pamọ́ sínú áàpù àwọn ẹlòmíràn, tí ń wo bí ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń rìn, àti pé ó lé ní mílíọ̀nù 45 ará Amẹ́ríkà tí wọ́n kó ìròyìn wọn jọ. Ẹ̀sùn ni a sọ, kì í ṣe ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn náà kọ́ wa pé áàpù tí a gbà nítorí epo olówó pọ́ọ́kú lè ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń jẹ́.

Kí a má ṣe ojúsàájú, àwọn akọ̀wé yìí ń ṣe rere pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ni ó ti rí ọkọ̀ rẹ̀ tí olè gbé nítorí pé ẹ̀rọ tí ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà ń bẹ nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọdún 2018, irú ọkọ̀ titun tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde gbọ́dọ̀ lè pe nọ́ńbà 112 fúnra rẹ̀ bí ìjàm̀bá ńlá bá ṣẹlẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí ó wà. Ẹ̀mí tí kò lè pariwo lè tipa bẹ́ẹ̀ rí olùrànlọ́wọ́. Àwa kò wí pé kí a lé akọ̀wé jáde. Ohun tí a wí ni pé ó yẹ kí onílé mọ orúkọ akọ̀wé rẹ̀, kí ó mọ ohun tí ó ń kọ, kí ó sì mọ ẹni tí ó ń kà á fún.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Ẹni tí kò ṣe ibi, kí ni ó ń bẹ̀rù?" Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àwa pàápàá ti sọ ọ́ rí. Ṣùgbọ́n ibi wo ni obìnrin náà ṣe? Gbèsè kì í ṣe olè. Ó wá ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹni tí ó fọkàn tán, ẹni náà sì ta ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Kì í ṣe nítorí ibi ni a ṣe ń ti ilẹ̀kùn yàrá. Ìdí tí a fi ń tì í ni pé ilé ni, kì í ṣe ọjà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé ọ̀ràn Amẹ́ríkà àti Jámánì ni gbogbo èyí, kò kàn wá. Ó kàn wá. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti lò níbẹ̀ ni ó ń gba Kútọnu àti Èkó wọlé dé ọ̀dọ̀ wa, tí a ń pè ní tòkunbọ̀. Ohun tí a kọ sínú wọn ń bá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun sì ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 37, dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, ìwé tí ó ń kọ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí fóònù. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, a fi ọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn, a sì dá àjọ kan sílẹ̀ fún un. Òfin náà fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ilé iṣẹ́ kan kọ nípa wa, láti ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ́ ṣe, àti láti gba àṣẹ tí a ti fún wọn padà. Ẹ̀tọ́ tí a kò bá béèrè dà bí aṣọ tí a pa mọ́ sínú àpótí. Kò lè lé òtútù.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé, ẹ gba ìmọ̀ràn díẹ̀ tí a ti fi ìtìjú rà.

Ìkínní: kí a tó ta ọkọ̀, tàbí kí a tó dá ọkọ̀ tí a háyà padà, ẹ pa ohun gbogbo tí ó wà nínú rédíò aláwòrán rẹ́. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó wá lójú rẹ̀, níbi ètò rẹ̀, ni Factory Reset. Bí ó bá ṣòro, ẹ pe ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì ní áàpù ọkọ̀ náà lórí fóònù yín, ẹ yọ ọkọ̀ náà kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìkejì: bí ẹ bá ra tòkunbọ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ má sì kà á kí ẹ tó pa á rẹ́. Yóò ṣe ẹni tí ó tà á ní àǹfààní, yóò sì ṣe ẹ̀yin náà, nítorí nínú àwọn ọkọ̀ kan, ẹni àkọ́kọ́ tí kò tí ì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lè máa rí ibi tí ọkọ̀ wà láti orí fóònù tirẹ̀.

Ìkẹta: bí ọkọ̀ bá béèrè pé kí òun da orúkọ inú fóònù yín kọ, ẹ wí pé rárá. Ìpè yóò ṣì máa wọlé. Nínú ọkọ̀ tí kì í ṣe tiyín, ẹ má so fóònù pọ̀ mọ́ ọn rárá bí kò bá pọn dandan.

Ìkẹrin: ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ wo áàpù kọ̀ọ̀kan tí ó wà lórí fóònù, kí ẹ bi í pé, "Kí ni ìwọ fẹ́ fi ibi tí mo wà ṣe?" Èyí tí kò bá ní ìdáhùn rere, ẹ gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá ní, irú bí máàpù, ẹ fún un láṣẹ kìkì ìgbà tí ẹ bá ń lò ó.

Ìkarùn-ún: ẹ kọ ìwé sí àwọn ọmọ yín tí ó wà ní Amẹ́ríkà pé òfin ibẹ̀ fún wọn láyè láti béèrè ìwé tí LexisNexis àti Verisk ní nípa wọn, láìsan kọ́bọ̀. Kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì kà á.

Ìkẹfà, èyí tí ó jẹ́ tiwa jùlọ: ẹ má kọ àṣírí ẹlòmíràn ti orúkọ rẹ̀ nínú fóònù. Àwa ti pa gbogbo àmì wa rẹ́. Ìyá Ìbejì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n òpópónà tí wọ́n ń gbé ni a fi ń mọ̀ wọ́n báyìí, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àwọn àgbà wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ni ó la ògiri púpọ̀ jù lára ilé wa, ó sì yẹ kí ìjọba máa bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa ni a la ti ìgbà tí a ń wí yìí, pẹ̀lú ìka kan ṣoṣo tí ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni."

Ìròyìn tí ó wà nínú ọkọ̀ wa kì í ṣe tiwa nìkan. Ti ìyá tí ó bí wa ni, ti ọmọ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé ni, ti aládùúgbò tí ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí wa lọ́wọ́ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ tú àṣírí ara rẹ̀ lè tú u. Ti ẹlòmíràn kò sí lọ́wọ́ wa láti fi ta ọrẹ.

Ní ti obìnrin ará Amẹ́ríkà náà, bí obìnrin bá ni, a ti pa tirẹ̀ rẹ́ pátápátá. A kò mọ̀ ọ́n, kì yóò sì mọ̀ wá láé. A kàn ń rò ó nígbà mìíràn, bí a bá ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn, pé kí ara rẹ̀ ti yá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí a bá wà láàyè, a ó padà sí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé. Ó dàbọ̀ ná.